Orí Keje: Omi Ọṣẹ Apakòkòrò àti Ilẹ̀ Àyíká Ìwó Road

7.1 Ibi tí omi balùwẹ̀ ń lọ

Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ilé ní àyíká Ìwó Road, ibi tí páìpù balùwẹ̀ ti ń da omi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, síbẹ̀ kì í rọ lẹ́ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ a máa dán ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣú, ó ń yọ̀, èérí ọṣẹ funfun sì ti gbẹ mọ́ ara àwọn òkúta tó yí ẹnu páìpù ká. Ohun gbogbo tí àwọn ará ilé bá fi wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ibẹ̀ ló ń já sí.

Ìbàdàn kò ní páìpù abẹ́lẹ̀ tó ń kó omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú lọ sójú kan láti sọ ọ́ di mímọ́. Àwọn ọgbà ńlá bíi Yunifásítì Ìbàdàn ní ètò tiwọn. Ní ti ẹni tó ń gbé nítòsí sẹkitéríà Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn tó wà ní Ìwó Road, tàbí ní àwọn àdúgbò tó lọ títí dé Mọ́nátán, ọ̀nà mẹ́ta ni omi ìwẹ̀ rẹ̀ lè gbà: sókàwéè, gọ́tà, tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Sókàwéè gan-an, inú ilẹ̀ ló ń tú omi rẹ̀ sí. Gọ́tà ń já sí àwọn odò kéékèèké, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ní àkùrọ̀ a máa bu omi odò wọ̀nyí wọ́n ẹ̀fọ́ wọn. Ọ̀nà yòówù kó gbà, ilẹ̀ ni yóò gbà á níkẹyìn.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, omi balùwẹ̀ ń gba ilé-iṣẹ́ ìfọmimọ́ kọjá kó tó kan ilẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n sì ń kó lọ sóko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ṣe lè pa oko lára tó. Tiwa yàtọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ilé-iṣẹ́ ìfọmimọ́ wa, bakitéríà tó ń gbé inú rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n dìídì ṣe láti máa pa bakitéríà la wá ń dà lé wọn lórí lójoojúmọ́.

7.2 Ohun tó wà nínú ọṣẹ náà

Kò sí ọṣẹ tí kì í wẹ nǹkan mọ́, ì báà jẹ́ ọṣẹ dúdú tí a fi eérú àti àdín sè, ì báà jẹ́ ọṣẹ onípáálí. Ọṣẹ a máa di ọ̀rá àti ìdọ̀tí ara mú pẹ̀lú kòkòrò tó wà nínú wọn, omi á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọṣẹ apakòkòrò, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní mẹ́díkéétẹ́ẹ̀dì, ní ohun kan ní àfikún: kẹ́míkà tí yóò pa kòkòrò tàbí tí kò ní jẹ́ kó bí sí i. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà. Nínú àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lè rí triclosan, tàbí triclocarban tí wọ́n máa ń gé kúrú sí TCC, tàbí benzalkonium chloride, tàbí chloroxylenol, èyí tó wà nínú òògùn olómi tó máa ń di funfun bí a bá ti dà á sínú báàfù ọmọ.

Lórí triclosan àti triclocarban ni a ó pẹ́ sí, torí pé àwọn ni ìmọ̀ pọ̀ jù lórí wọn. Triclocarban ló kọ́kọ́ wọ ọjà, ní 1957. Ilé-iṣẹ́ kan ní Switzerland ló ṣe triclosan ní àwọn ọdún 1960, ọṣẹ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń fọ ọwọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó fún. Láti yàrá iṣẹ́ abẹ ló ti rìn dé inú ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín àti ìpara abíyá, títí tó fi dé ara pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹran. Bí ohun tí a ṣe fún dókítà ṣe di ohun ojoojúmọ́ fún ọmọ jẹ́léósinmi kò ṣẹ̀yìn ìpolówó ọjà. Kò sí àìsàn tuntun kan tó béèrè fún un.

Átọ́ọ̀mù kulorínì mẹ́ta ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kulorínì yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣòro fún bakitéríà láti tètè jẹ wọ́n tán, òun náà sì ni ó ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ. Nínú lítà omi kan, triclosan tó lè yọ́ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 10 lọ. Ti triclocarban kò tó mílígíráàmù 1.

Báwo wá ni omi ṣe ń gbé wọn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ní ti triclosan, kẹ́mísírì rẹ̀ dáhùn. Ásíìdì aláìlágbára ni, pKa rẹ̀ sì súnmọ́ 8. Nínú omi ọṣẹ tí pH rẹ̀ wà láàárín 9 sí 10, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti sọ háídírójìn nù, ó ti di áyọ́ọ̀nù, omi sì lè gbé e rìn. Bó bá ti dé ilẹ̀ tí pH rẹ̀ tó nǹkan bíi 6, ó gba háídírójìn rẹ̀ padà, ó kúrò nínú omi, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Níbi tí omi ọṣẹ ti ń dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pH ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gòkè, kẹ́míkà náà á sì lè rìn jìnnà sí i kó tó dúró. Triclocarban kò ní irú ìyípadà yìí. Ara èérí àti ọ̀rá tó wà nínú omi ló máa ń lẹ̀ mọ́ wá.

7.3 Ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìwó

Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery gbé ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí ilẹ̀ àti ìlò ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi sọ oríṣiríṣi ilẹ̀ tí wọ́n rí: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìbàdàn, Àpòmù, Oǹdó. Títí di òní, ẹni tó bá ń kọ́ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation kò lè ṣe kó má pe orúkọ wọ̀nyí. Ìwó ni ilẹ̀ tó jáde láti ara òkúta oníhóró ńláńlá, gíránáìtì àti náìsì. Yanrìn ló pọ̀ lójú rẹ̀, amọ̀ pupa sì wà nísàlẹ̀. Hóró òkúta tí Ẹ̀gbẹ́dá ti jáde kéré sí i, nítorí náà amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Àpòmù ni yanrìn tí òjò ń wọ́ wá sí ẹsẹ̀ òkè.

Ohun tó kan ẹ̀kọ́ wa nínú èyí ni pé amọ̀ ilẹ̀ wọ̀nyí, káólínáìtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í di kẹ́míkà mú púpọ̀. Ilẹ̀dú ni ó ń di triclosan àti triclocarban mú dáadáa. Níbi tí ilẹ̀dú bá pọ̀, kẹ́míkà náà á lẹ̀ pinpin, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni bakitéríà àti gbòǹgbò yóò sì rí. Níbi tí yanrìn bá pọ̀ tí ilẹ̀dú kò sí, ìwọ̀n kẹ́míkà kan náà á ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé wa. Ọwọ̀ ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀. Ewé tó bọ́ lálẹ́ kì í rí ọ̀sán. Ìmọ́tótó ni, a kò bá ẹnikẹ́ni wí, ṣùgbọ́n ewé tí a ń gbá dànù ni ìbá jẹrà di ilẹ̀dú. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọn kì í gbá, torí pé ó tutù, ewé gbígbẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì máa jẹrà síbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́nu páìpù, omi ló ń rò. Ó wá ṣe ohun tí onímọ̀ nípa ilẹ̀ ìbá gbà á nímọ̀ràn láti ṣe.

7.4 Ìṣirò ẹnu páìpù

Lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó kan náà, ní Olódó ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Orí-Ilé, níbi tí wọ́n ti da pàǹtírí ilé-iṣẹ́ bátìrì mọ́tò sí nígbà kan. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì láti Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbánjọ wà nínú wọn, yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2009: òjé ibẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà. Òjé kì í jẹrà. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún 100 ọdún, òjé ni yóò ṣì jẹ́. Kẹ́míkà inú ọṣẹ ń jẹrà ní tirẹ̀. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni bí ó ṣe yá tó láti jẹrà sí bí a ṣe ń yára dà á.

A ń fi àkókò ìdajì wọn ìyárasí yìí, ìyẹn iye ọjọ́ tí ìdajì kẹ́míkà fi ń pòórá. Nínú àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, àkókò ìdajì triclosan nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ jẹ́ ọjọ́ 18. Ti triclocarban jẹ́ ọjọ́ 108. Nínú ilẹ̀ tí omi bò, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, triclosan kò dín kù ní gbogbo ọjọ́ 70 tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a bá dé orí sókàwéè.

Ká wá ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ìdílé kan ń lo ọṣẹ 3 lóṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gíráàmù 70, tí TCC sì jẹ́ ìdá 0.5 nínú 100 rẹ̀. TCC inú ọṣẹ kan yóò jẹ́ mílígíráàmù 350. Mẹ́ta jẹ́ 1,050 lóṣù, ìyẹn 35 lójúmọ́. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ dúró sí ojú ilẹ̀ ẹnu páìpù, èyí tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ilẹ̀ yẹn yóò wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 100.

Bí kẹ́míkà bá ń wọlé lójoojúmọ́, tí bakitéríà sì ń jẹ ẹ́, ìgbà kan á dé tí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń pòórá yóò dọ́gba. Iye tí yóò wà nílẹ̀ nígbà náà ni:

iye ojúmọ́ kan × àkókò ìdajì ÷ 0.693

Fún TCC: 35 × 108 ÷ 0.693 = nǹkan bíi mílígíráàmù 5,450. Bí a bá pín in fún kílógíráàmù 100, ó jẹ́ 54.5 nínú kílógíráàmù ilẹ̀ kan. Ó máa tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ kó tó súnmọ́ iye yìí. Bó bá jẹ́ triclosan ni, pẹ̀lú 35 kan náà lójúmọ́, 909 péré ni yóò wà nílẹ̀, ìyẹn 9 nínú kílógíráàmù kan.

Ìṣirò ni èyí. A kò wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó hàn wá. Nínú ìwádìí tí àjọ EPA ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2009 lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọmimọ́, wọ́n rí triclocarban nínú gbogbo àpẹẹrẹ 84 tí wọ́n yẹ̀ wò, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ mílígíráàmù 441 nínú kílógíráàmù kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n ọn ká oko ńlá ni, á sì dín kù níbẹ̀. Ẹnu páìpù wa kò ní ibi tí yóò fọ́n ọn ká sí.

Sókàwéè burú jù lọ lójú mi. Ó jìn, ó tutù, afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Ojú ilẹ̀ kò fẹ́ràn omi ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó ní afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Nísàlẹ̀ sókàwéè, kẹ́míkà lè jókòó kó má lọ. Àkùrọ̀ nígbà òjò kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí, torí omi ti bo ilẹ̀ rẹ̀.

7.5 Àwọn tó ń gbé inú ilẹ̀

Òórùn tí ilẹ̀ máa ń ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àwọn bakitéríà tó ń jẹ́ Streptomyces wà lára ohun tó ń fà á. Láti ara ẹ̀yà kan nínú wọn ni Albert Schatz, nínú yàrá ìwádìí Selman Waksman ní Amẹ́ríkà, ti rí streptomycin ní 1943, òògùn àkọ́kọ́ láti inú ilẹ̀ tó rí ikọ́ ife gbé ṣe. Èyí fi hàn pé bíbá ara ẹni jà pẹ̀lú májèlé kì í ṣe tuntun nínú ilẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni májèlé tí kò sí ohun alààyè kan nínú ilẹ̀ tó ṣe é, tó ń dé lójoojúmọ́, láìsinmi.

Nínú iṣẹ́ tí bakitéríà ilẹ̀ ń ṣe, èyí tí àgbẹ̀ yóò kọ́kọ́ mọ̀ lára ni ti náítírójìn. Àwọn kan ń sọ amóníà di náítíréètì tí ẹ̀fọ́ lè jẹ. Àwọn mìíràn ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ìwádìí mìíràn láti Ọsirélíà, ní 2009, fi hàn pé triclosan lè dá sísọ amóníà di náítíréètì dúró, àti pé ilẹ̀ oníyanrìn ló fara gbá a ju ilẹ̀ amọ̀ lọ. Ẹ rántí Ìwó àti Àpòmù.

Bakitéríà fúnra wọn náà kì í káwọ́ gbera. Wọ́n lè fi mẹ́tíìlì kan kún triclosan, kó di methyl triclosan. Kì í pa wọ́n bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ràn ọ̀rá jù ú lọ, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìwádìí bá sọ pé triclosan ti pòórá, ẹ bèèrè ohun tó dà.

Ọ̀rọ̀ tó ń kó ìdààmú bá ilé ìwòsàn ni ti kòkòrò tó ti gbóyà sí òògùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn rò pé triclosan kàn ń da ara bakitéríà rú ní gbogbo ọ̀nà, kò sì sí bí bakitéríà ṣe lè mú ara rẹ̀ bá a mu. Ní 1998, Laura McMurry, Margret Oethinger àti Stuart Levy fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo, èyí tí bakitéríà fi ń ṣe ọ̀rá ara rẹ̀, ni triclosan ń dì mọ́. Bí jíìnì ẹ́ńsáìmù yẹn bá yí padà díẹ̀, bakitéríà náà á bọ́. Ìbátan ẹ́ńsáìmù kan náà ni isoniazid, òògùn ikọ́ ife tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn wa, ń bá jà nínú kòkòrò ikọ́ ife. Nínú ilẹ̀, níbi tí kẹ́míkà ti wà ní ìwọ̀n tí kò tó láti pa gbogbo wọn, èyí tó yè á máa pọ̀ sí i, wọ́n sì mọ bí a ti ń ta jíìnì látaré fún ara wọn, kódà láàárín irú tó yàtọ̀.

7.6 Òfin òkèèrè, ọṣẹ ilé

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, 2016, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fòfin de kẹ́míkà apakòkòrò 19 nínú ọṣẹ tí a ń fi omi ṣàn nù, triclosan àti triclocarban wà nínú wọn. Ẹ kíyè sí ìdí tí wọ́n sọ. Ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi hàn pé ọṣẹ wọn dára ju ọṣẹ lásán àti omi lọ, àti pé kò léwu fún ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Wọn kò rí i fi hàn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti oníṣègùn tó lé ní 200 fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Gbólóhùn Florence, wọ́n sì dárúkọ ìbàjẹ́ àyíká ní pàtó níbẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ènìyàn má fọ ọwọ́. Ọwọ́ fífọ̀ ṣì ni ohun ìjà tó rọrùn jù fún wa lórí onígbáméjì, a sì rí i ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rọ wà lẹ́nu gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọṣẹ lásán tó fún èyí. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ní ìdí tirẹ̀ láti lo apakòkòrò. Ẹni tó ń ti gáréèjì bọ̀, tí eruku bo ara rẹ̀, kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro mìíràn wà tí òfin náà kò yanjú. FDA dá ẹjọ́ benzalkonium chloride àti chloroxylenol dúró ní 2016 láti gba ìwádìí sí i, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sì sá lọ bá benzalkonium chloride. Àmì àròpọ̀ ló wà lára èyí, àmì àyọkúrò sì wà lára amọ̀. Nítorí náà, amọ̀ ni yóò dì í mú, kì í ṣe ilẹ̀dú nìkan. Gbogbo ohun tí a sọ nípa ilẹ̀ Ìwó àti Ẹ̀gbẹ́dá ní 7.3, a ní láti tún un rò fún un.

7.7 Ìdánrawò

1. Ẹ mú páálí ọṣẹ márùn-ún láti ọjà Gate tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín. Ẹ kọ orúkọ kẹ́míkà apakòkòrò tí ẹ bá rí lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Àwọn wo ló pe ara wọn ní apakòkòrò níwájú, tí kò dárúkọ kẹ́míkà kankan lẹ́yìn?

2. Ìdílé tó wà nínú ìṣirò 7.4 kò lo ọṣẹ TCC mọ́ lẹ́yìn tí èyí tó wà nílẹ̀ ti dé mílígíráàmù 5,450. Lẹ́yìn ọjọ́ 324, mélòó ni yóò kù nílẹ̀? Tí òjò bá bo ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nínú àkókò yìí, ṣé ìdáhùn yín yóò ga sí i ni, àbí yóò wálẹ̀?

3. Onílé kan fẹ́ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹnu páìpù kúrò kó da kọnkéré síbẹ̀, kí omi lè máa gba gọ́tà lọ. Ẹ kọ ojú ìwé kan láti gbà á nímọ̀ràn. Ẹ ro ti ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ro ti ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ odò.

4. Iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gé aṣọ funfun tó jẹ́ òwú pátápátá sí ègé mẹ́ta tó dọ́gba. Ẹ rì ọ̀kan sí ẹnu páìpù balùwẹ̀, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ rì èkejì sí ibi gbígbẹ ní ẹ̀yìnkùlé kan náà. Ẹ rì ẹ̀kẹta sí ibi tí ẹ ó máa da omi lásán sí lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ hú wọn, ẹ rọra fi omi ṣàn wọ́n, kí ẹ sì wo èyí tí bakitéríà àti olú jẹ jù. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí a kò fi lè sọ ohunkóhun nípa ọṣẹ bí ègé kẹta kò bá sí níbẹ̀.